Oṣù Wo Ló Yẹ Kí Ẹ Lọ sí Franconia? Ìfiwéra Ohun Tó Wà Níta ní Òkè New Hampshire

Ìbéèrè tí àwọn ará wa ní Boston máa ń bi mí ni pé, "Níbo gan-an ni ká lọ tí a bá dé ọ̀hún?" Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń lọ sí Franconia àti Sugar Hill, àwọn abúlé méjì tó fara ti ara wọn ní àríwá New Hampshire. Ilé ìtura kékeré kan náà ni mo máa ń dé sí, ilé onígi tí yàrá rẹ̀ kò pọ̀, tí wọ́n ń dá iná igi fún àlejò nírọ̀lẹ́. Èsì mi kì í sì í yí padà: ẹ má tíì béèrè ibi, oṣù ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Ohun tí ẹ máa bá níta ní oṣù kẹfà, ẹ kò ní bá a mọ́ ní oṣù kẹwàá. Ibi tí èrò ń wọ́ lọ ní oṣù kẹwàá, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀ kí oṣù kọkànlá tó wọlé. Àwọn àwòrán ewé pupa tí ẹ ń rí lórí Facebook yẹn, bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ewé fi ń rí bẹ́ẹ̀ nínú odidi ọdún.

Láti Boston, I-93 ni ẹ máa gbà tààrà, nǹkan bí 140 máìlì. Wákàtí méjì ààbọ̀ ni bí kò bá sí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Tí ẹ bá ti kọjá Lincoln, òkè ọ̀tún àti òkè òsì á sún mọ́ra débi pé ọ̀nà márosẹ̀ náà á fún, ìlà kan lálọ, ìlà kan lábọ̀. Franconia Notch nìyẹn. Òkè Lafayette ló wà lọ́tùn-ún yín, Cannon ló wà lósì. Lára Cannon ni ojú bàbá kan ti hàn nígbà kan, àpáta lásán tí ẹnikẹ́ni kò gbẹ́, síbẹ̀ tó ní iwájú orí, imú àti àgbọ̀n. Òun ni ìpínlẹ̀ náà fi ṣe àmì ara wọn, ó ṣì wà lára pátákó ojú ọ̀nà títí dòní. Ní May 3, 2003, ó ya lulẹ̀. Létí adágún Profile, wọ́n ri àwọn ọ̀pá irin mọ́lẹ̀: ẹ dúró sí ojú àmì tó bá gíga yín mu, ẹ fi ojú kan ṣoṣo wo ṣóńṣó ọ̀pá náà, ẹ ó sì rí i tí ojú bàbá náà padà sí àyè rẹ̀ lára òkè. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ yà níbẹ̀ ìgbàkígbà tí ẹ bá ń kọjá.

Kí n ti ibi tí mo fì sí sọ kí n tó máa já a. Bí ìyá tàbí bàbá yín bá wà nínú ọkọ̀, ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹfà ni kí ẹ lọ. Bí ẹ bá jẹ́ géńdé tó lè gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ láàrin ọ̀sẹ̀, oṣù kẹwàá ni. Oṣù kẹrin, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sílẹ̀ pátápátá. Màá sọ ohun tí ojú mi rí níbẹ̀.

Oṣù kẹwàá: Kancamagus tàbí àwọn ọ̀nà ẹ̀yìn Sugar Hill

Bí ọjọ́ bá ti ń kúrú, igi kì í pèsè àwọ̀ ewéko mọ́, àwọ̀ ìyeyè tó ti sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀ látìgbà tí ewé ti rú á wá yọjú. Ti pupa kò rí bẹ́ẹ̀. Àkókò yẹn gan-an ni igi mépù ń ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é, láti ara ṣúgà tó há sínú ewé. Ọ̀sán tí oòrùn ràn dáadáa, tí òru rẹ̀ tutù ṣùgbọ́n tí omi kò dì, ló ń jẹ́ kó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ní agbègbè yìí, ìparí oṣù kẹsàn-án sí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹwàá ni ojú rẹ̀.

Kancamagus ni gbogbo ayé mọ̀. Ọ̀nà 112 ni, láti Lincoln dé Conway, 34.5 máìlì. Orúkọ olóyè àwọn Penacook kan ni wọ́n fi pè é, àwọn tó ni ilẹ̀ náà kí aláwọ̀ funfun tó dé. Ọ̀nà náà gòkè dé ibi tó ga tó 2,855 ẹsẹ̀ bàtà, igbó ìjọba ni lọ́tùn-ún lósì, kò sí ilé epo, kò sí búkà, kò sí òtẹ́ẹ̀lì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù sì máa ń lọ pátápátá. Ẹ rọ epo ní Lincoln kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Ẹwà rẹ̀ kì í ṣe àròsọ: níbi tí ọ̀nà ti ṣẹ́rí lókè, ẹ ó rí àfonífojì tó tẹ́ lọ rẹrẹ bí aṣọ òkè tí wọ́n tẹ́ síta fún oníbàárà, pupa, ìyeyè, àwọ̀ ọsàn, tí ewé páìnì dúdú-dúdú sì fà á láàrin bí okùn òwú.

Ìṣòro rẹ̀ ni èrò. Ọjọ́ Ajé kejì nínú oṣù kẹwàá jẹ́ ìsinmi ìjọba, òpin ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀ sì ni gbogbo Massachusetts ń gòkè wá. Mo ti lọ ní irú òpin ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀. Sabbaday Falls, omi kan tó ń já wálẹ̀ láàrin àpáta, ìrìn rẹ̀ láti ibi ìgbọ́kọ̀sí kò tó ìdajì máìlì. Síbẹ̀ ogójì ìṣẹ́jú la fi ń yí po kí a tó rí ibi tí a máa gbé ọkọ̀ sí. Nígbà tí a fi dé ìdí omi, èjìká ènìyàn la ń wò.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá tó ni ilé ìtura wa fi ìka tọ́ ojú ọ̀nà kan fún mi lórí máàpù: ọ̀nà 117 gòkè lọ sí Sugar Hill, lẹ́yìn náà Sunset Hill Road. Ìlú Sugar Hill ló kéré jù lọ́jọ́ orí nínú gbogbo ìlú New Hampshire, 1962 ni wọ́n tó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ìlú Lisbon ti New Hampshire níbẹ̀. Lórí òkè kékeré yẹn, pápá oko ló wà níwájú yín, igi mépù àtijọ́ tò létí ọgbà olókùúta, gbogbo ìlà òkè Franconia sì dúró lẹ́yìn wọn. Sínóò àkọ́kọ́ ti bọ́ sórí Lafayette lóru ọjọ́ náà. Orí òkè funfun, ọrùn rẹ̀ ewé dúdú, ẹsẹ̀ rẹ̀ pupa. Ọkọ̀ mẹ́rin péré ló kọjá lára wa fún wákàtí kan.

Nítorí náà, láàrin ọ̀sẹ̀, kí agogo mẹ́jọ àárọ̀ tó lù, Kancamagus ni kí ẹ gbà. Ní òpin ọ̀sẹ̀, Sugar Hill. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn le tún ní ibì kan, Artist's Bluff, ìrìn máìlì kan ààbọ̀ tó ń yípo, tó sì mú yín dúró sórí àpáta lókè adágún Echo Lake. Ó rẹwà púpọ̀, gbogbo ènìyàn ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí ẹ kò bá débẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́, ẹ kò ní rí ibi gbé ọkọ̀ sí.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bí ẹ bá ń wo igbó yìí. Kì í ṣe igbó tí ọwọ́ kò kàn rí. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn onígẹdú ti gé òkè wọ̀nyí dé gbòǹgbò, iná sì jó èyí tó kù, odò wá ń kún bo ìlú ìsàlẹ̀. Òfin Weeks Act ti 1911 ló fún ìjọba àpapọ̀ láṣẹ láti ra ilẹ̀ náà padà. Ní 1918 ni White Mountain National Forest di ohun tí òfin dá mọ̀, lónìí ó tó nǹkan bí 800,000 éékà. Igi pupa tí ẹ ń ya fọ́tò rẹ̀ yẹn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n hù lẹ́yìn tí wọ́n ti ba ilẹ̀ náà jẹ́. Tí mo bá rántí èyí, mo máa ń ro ti igbó wa nílé, ọkàn mi á sì gbọgbẹ́ díẹ̀, á tún ní ìrètí díẹ̀.

Ti owó: oṣù kẹwàá ni yàrá wọ́n jù, ọ̀pọ̀ ilé ìtura kì í sì í gba àlejò alẹ́ kan ṣoṣo nígbà náà. New Hampshire kì í gba owó orí lórí ọjà tí ẹ bá rà, ṣùgbọ́n 8.5% ń bẹ lórí yàrá àti lórí oúnjẹ tí ẹ bá jẹ níta. Ẹ kà á mọ́ ìnáwó yín.

Oṣù kẹfà: òdòdó, àti kantíkantí

Màmá mi wá láti Iléṣà, wọ́n dé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, wọ́n sì lo nǹkan bí oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ wa. Nínú gbogbo ibi tí a jọ lọ ní Amẹ́ríkà, pápá lúpìnì ní Sugar Hill ni wọ́n ṣì ń dárúkọ.

Lúpìnì jẹ́ òdòdó tó ga dé orúnkún, ó dúró ṣánṣán bí àbẹ́là, àwọ̀ àlùkò àti búlúù ló pọ̀ jù, ti funfun àti ti pupa fẹ́ẹ́rẹ́ yọ díẹ̀díẹ̀ láàrin wọn. Ní ìdajì àkọ́kọ́ oṣù kẹfà, pápá odidi ń kún fún un. Ẹ kò nílò láti gun nǹkankan; ẹ gbé ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà níbi tí wọ́n bá gbà yín láyè, òdòdó ti dé ẹnu yín. Màmá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n fa igi òdòdó kan mọ́ra láì já a, wọ́n sì ń ka ojú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. "Ti ìsàlẹ̀ ti ń so èso," wọ́n ní, "ti òkè ò tíì là. Ẹ̀wà ni nǹkan yìí." Mo yẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù lójú ẹsẹ̀: òótọ́ ni, ìdílé ẹ̀wà ni lúpìnì wà. Ẹ má já a o. Oko olóko ni ọ̀pọ̀ pápá náà.

Bí ẹ bá fi wé oṣù kẹwàá, èrò kò tó ìdá mẹ́rin, yàrá rọjú, ọjọ́ gùn dé agogo mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́, ibi gbogbo sì ti ṣí. Ṣùgbọ́n n kò ní tan yín. Kantíkantí wà. Láti àárín oṣù karùn-ún títí dé ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù kẹfà ni kòkòrò dúdú wẹ́wẹ́ yìí ń jáde láti inú odò tó ń ṣàn, ẹ̀yìn etí àti ìlà irun iwájú orí ló sì máa ń lọ jẹ. Ìbátan èyí tó ń fa ìfọ́jú létí odò nílé ni, àmọ́ ti New Hampshire kì í kó àrùn yẹn ran ènìyàn. Ó kàn ń jẹ ni, ẹ̀jẹ̀ á sì máa ṣàn. Èmi tí mo fín oògùn sára, mo wú. Màmá tí wọ́n fi ìborùn wé orí wé etí bí ẹni ń lọ sí ìsìn òru, kòkòrò kankan kò rí ẹnu jẹ wọ́n. Nínú pápá tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ẹ kò ní gbúròó rẹ̀; inú igbó àti etí odò ló ti ń ṣe iṣẹ́. Ẹ wọ aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ mú ìborùn dání.

Flume, Basin, Lost River: omi mẹ́ta, ẹsẹ̀ mẹ́ta

Ibi mẹ́ta yìí ni ilé ìtura gbogbo máa ń dárúkọ fún àlejò, bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà rárá.

Basin ni ti ẹni tí orúnkún ń dùn. Ibi ìgbọ́kọ̀sí rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ọ̀fẹ́. Odò Pemigewasset ló gbẹ́ àpáta di àwo róbótó, 30 ẹsẹ̀ bàtà ní fífẹ̀, 15 ní jíjìn. Yanrìn àti òkúta tí omi ń yí po nínú rẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ló ń họ ọ́ bẹ́ẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọlọ ṣe ń jẹ lábẹ́ ọmọ ọlọ.

Flume ni àgbà wọn. Àlàfo tóóró ni láàrin àpáta, 800 ẹsẹ̀ bàtà ní gígùn, ògiri rẹ̀ ga láti 70 dé 90, ààyè àárín wọn kò ju 12 sí 20 lọ. Àtẹ̀gùn pákó ni ẹ máa gbà kọjá, omi ń hó lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Gbogbo ìyípo náà jẹ́ máìlì méjì, àtẹ̀gùn pọ̀, òkè àti ìsàlẹ̀ sì pọ̀. Wọ́n ń gba owó ìwọlé, ó sàn kí ẹ gba tíkẹ́ẹ̀tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣáájú. Oṣù karùn-ún ni wọ́n ń ṣí i, ìparí oṣù kẹwàá ni wọ́n ń tì í.

Mo ti pinnu pé Màmá kò ní wọ Flume. Basin la máa wò, a ó sì padà. Ohun tó yí i padà ni ìtàn tí wọ́n kọ síbẹ̀, tí mo ṣèèṣì kà sókè. Ní 1808, ìyá àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Aunt Jess Guernsey lọ pẹja, ó sì ṣàdédé kan ibi tí ẹnì kankan nínú ilé rẹ̀ kò mọ̀ pé ó wà. Ẹni ọdún 93 ni. Nígbà tó délé tó sọ fún wọn, wọn kò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Màmá dúró. "Ọdún mélòó lo ní?" Mo ní 93. "Èmi jẹ́ mọ́kàndínláàádọ́rin. Lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì."

Wákàtí méjì ààbọ̀ la lò. A jókòó ní gbogbo ibi tí bẹ́ǹṣì wà. Nínú àlàfo yẹn, níbi tí ògiri méjèèjì ti sún mọ́ra jù, Màmá na ọwọ́ fi kan èéhù tútù tó bo àpáta, omi ń kán tó-tó-tó sórí ìka wọn, wọ́n sì dákẹ́ pẹ́. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n, wọ́n mọ omi Erin dunjú láti kékeré, n kò retí pé kí omi kankan yà wọ́n lẹ́nu. Wọ́n ní ti Erin ń já láti ojú ọ̀run, ṣùgbọ́n èyí, inú ilẹ̀ ló ti ń sọ̀rọ̀. Lókè pátápátá ni omi Avalanche Falls, 45 ẹsẹ̀ bàtà. Kò sí níbẹ̀ kí ó tó di 1883. Àpáta ńlá kan tó rí bí ẹyin ló há sáàárín ògiri méjèèjì tẹ́lẹ̀, ó sì ti wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò lè kà. Ìjì òjò oṣù kẹfà ọdún yẹn gbá a lọ, omi sì wá jágbá sílẹ̀. Wọn kò rí àpáta náà mọ́.

Lost River, ní apá North Woodstock, ti àwọn ọ̀dọ́ ni. Ihò àpáta ni, tí odò ń wọ̀ tó ń jáde, ẹ ó sì máa fi ikùn wọ́ kọjá nínú àwọn kan. Àjọ tó ń dáàbò bo igbó New Hampshire ló ni ín láti 1912. Àwọn ọmọ mi fẹ́ràn rẹ̀ ju Flume lọ. Èmi kò fẹ́ràn kí àpáta fún mi láyà, mo dúró lórí pákó níta. Bí ọmọ ọdún mẹ́jọ sí mẹ́rìndínlógún bá pọ̀ nínú ọkọ̀ yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Oṣù kẹjọ: Òkè Washington, ojú irin tàbí mọ́tò

Òkè tó ga jù ní gbogbo àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà ni, 6,288 ẹsẹ̀ bàtà. Ọ̀nà méjì ni ẹni tí kò fẹ́ fi ẹsẹ̀ gùn ún lè gbà. Auto Road ni ọ̀nà mọ́tò, 7.6 máìlì, láti 1861 ló ti wà; ẹ máa wa ọkọ̀ yín fúnra yín, kò sì sí irin ìdènà ní ọ̀pọ̀ etí ọ̀gbun. Ọ̀nà ojú irin ni Cog Railway, láti 1869, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tó gun òkè ní àgbáyé: ẹ̀rọ náà ní kẹ̀kẹ́ eléyín lábẹ́ tó ń gé irin àárín jẹ bó ti ń pọ́nkè, torí pé ojú ọ̀nà náà dagun dé 37% níbì kan. Nǹkan bí wákàtí mẹ́ta ni lálọ-lábọ̀.

Fún ẹni tó bá dé sí Franconia tàbí Sugar Hill, ojú irin ni mo máa ní kí ẹ mú, bó tilẹ̀ wọ́n ju ti mọ́tò lọ. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ yín ló wà, Auto Road sì wà lódìkejì òkè. Ẹni tó bá sì ń wa ọkọ̀ lórí Auto Road kò ní rí nǹkankan wò, ojú ọ̀nà ni ojú rẹ̀ máa wà. Ọkọ̀ orí okùn ti Cannon, tí ọ̀pọ̀ ìwé atọ́nà ṣì ń polówó, ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù kẹwàá 2025. Ẹ má kà á mọ́ ètò yín.

Ẹ mú aṣọ òtútù dání, bí ó tilẹ̀ jẹ́ oṣù kẹjọ. A ń làágùn nídìí òkè. Lókè, ọwọ́ mi kò lè di fóònù mú. Ní April 12, 1934, afẹ́fẹ́ 231 máìlì ní wákàtí kan ni wọ́n wọ̀n lórí òkè yìí, kò sì sí ibòmíràn ní ayé tó borí rẹ̀ títí di 1996. Bí ìkùukùu bá bò ó, ẹ kò ní rí ju ìwọ̀n àgbàlá lọ, wọn kì í sì dá owó padà nítorí ìkùukùu. Ẹ wo asọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ ti orí òkè gan-an, kì í ṣe ti ìlú ìsàlẹ̀.

Ní ọ̀nà ibẹ̀ ni Bretton Woods wà, níbi tí Mount Washington Hotel wà, òtẹ́ẹ̀lì funfun gàgàrà olórùlé pupa tí wọ́n ṣí ní 1902. Ẹ yà síbẹ̀, bí ẹ kò bá tilẹ̀ sùn. Níbẹ̀, ní oṣù keje 1944, ni aṣojú orílẹ̀-èdè 44 ti jókòó dá IMF àti Báńkì Àgbáyé sílẹ̀. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀, abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì la wà. 1961 la tó wọ IMF. Mo ṣàlàyé fún Màmá lórí ìloro gbígbòòrò tó kọjú sí òkè. Wọ́n ń ta aṣọ ní ọjà Àtàkúmọ̀sà nígbà SAP ọdún 1986, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí IMF wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n rí bí owó ṣe sọ agbára nù lọ́wọ́ wọn láàrin oṣù díẹ̀. Màmá wo inú yàrá tí àwọn aṣojú náà ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, tábìlì róbótó kan wà níbẹ̀. Wọ́n béèrè pé ìyá kankan wà nínú àwọn tó jókòó síbẹ̀? Mo ní mo rò pé àwọn obìnrin kò tó nǹkan. Wọ́n mi orí, wọ́n ní kí a jáde síta lọ wo òkè.

Àwọn géńdé tó bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ gun Lafayette, ìyípo Franconia Ridge tó máìlì mẹ́sàn-án, odidi ọjọ́ kan ni. Kì í ṣe ìrìn bàtà kámbáàsì. Ẹ ra káàdì hikeSafe, $25 fún ẹnì kan, $35 fún ìdílé, nítorí pé ìpínlẹ̀ yìí lè ní kí ẹni tó bá fi àìbìkítà kó sí wàhálà lórí òkè san owó tí wọ́n ná láti gbà á là.

Ìgbà òtútù: Cannon tàbí Bretton Woods

Màá yára kọjá níbí, torí sìkíì kò wọ̀ mí lára. Àwọn ọmọ mi ló mọ̀ ọ́n. Cannon jẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀, ó dagun, afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń gé ojú bí abẹ, 2,180 ẹsẹ̀ bàtà láti orí dé ẹsẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ló ń lọ. Bretton Woods fẹ̀, ó rọra ń dagẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹni tó ń kọ́ ọ ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí àríyànjiyàn nínú èyí.

Èmi, ìrìn ni tèmi. Wọ́n ti ti Flume nígbà náà, wọ́n ti ká ọ̀pọ̀ pákó rẹ̀ kúrò, ṣùgbọ́n wọ́n gba ènìyàn láyè láti rìn nínú ọgbà náà lọ́fẹ̀ẹ́, ní ewu ara rẹ̀. Omi tó ń kán lára ògiri nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ti dì di ọ̀wọ̀n búlúù. Ẹ ra irin eléyín tí wọ́n ń dè mọ́ abẹ́ bàtà, ẹ má fi bàtà lásán dán an wò. Ẹ rántí pé ní oṣù kejìlá, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kọjá díẹ̀ ni ilẹ̀ ń ṣú. Ohun tí ẹ máa ṣe níta, kí ó parí kí agogo mẹ́ta tó lù.

Oṣù kẹta tàbí oṣù kẹrin

Oṣù kẹrin ni mo kọ́kọ́ mọ agbègbè yìí, nítorí pé owó yàrá já wálẹ̀. Ilé ìtura mìíràn ni mo gbà nígbà náà, ìkànnì wọn sì kún fún àwòrán omi àti òdòdó. Mo dé, mo bá ẹrẹ̀. Sínóò ń yọ́, ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, táyà mi rì dé àárín lẹ́nu ọ̀nà wọn gan-an. Flume wà ní títì. Wọ́n ń bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má rin ojú ọ̀nà òkè kí ó má baà bàjẹ́. Àwọn ará ibẹ̀ ní orúkọ fún un, ìgbà ẹrẹ̀, kò sì sí ẹnì kankan tó sọ fún mi kí n tó san owó.

Ẹ sún un sẹ́yìn sí oṣù kẹta, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀. Bí òru bá dì, tí ọ̀sán sì yọ́, omi inú igi mépù á máa gòkè á máa sọ̀. Àwọn àgbẹ̀ á lu ihò kékeré sí ara igi, wọ́n á so garawa tàbí ọ̀pá rọ́bà mọ́ ọn. Gálọ́ọ̀nù 40 omi igi ló ń di gálọ́ọ̀nù kan ṣoṣo sírọ́ọ̀pù lẹ́yìn tí wọ́n bá sè é tán. Òpin ọ̀sẹ̀ kan wà ní oṣù kẹta tí àwọn ilé ìsè káàkiri ìpínlẹ̀ náà ń ṣí ilẹ̀kùn fún àlejò.

Ọ̀sẹ̀ kẹta tí Màmá dé ni mo mú wọn lọ. Ilé pákó ni, ooru omi ń jáde láti òrùlé bí ẹni pé ilé ń jóná, nínú rẹ̀ ọpọ́n irin gígùn ń hó lórí iná igi, gbogbo afẹ́fẹ́ sì ń dùn lẹ́nu. Bàbá Màmá jẹ́ adẹ́mu. Wọn kò dúró nídìí ọpọ́n. Wọ́n jáde lọ síta nínú sínóò, wọ́n lọ dúró nídìí igi kan tí garawa wà lára rẹ̀, wọ́n ṣí ọmọrí, wọ́n ti ìka bọ̀ ọ́. Omi lásán ni, adùn rẹ̀ kò ju fìrí lọ. "Àwa, ọjọ́ kejì ti kan," wọ́n sọ fún àgbẹ̀ náà, mo sì ń túmọ̀. "Èyí ńkọ́?" Àgbẹ̀ náà ní bí wọn kò bá tètè sè é, tiwọn náà ń bàjẹ́. Inú àwọn méjèèjì dùn sí ìdáhùn yẹn. Ó da sírọ́ọ̀pù gbígbóná sórí abọ́ sínóò kan fún wa, ó dì lójú ẹsẹ̀ bí tọ́fí, wọ́n sì fi kùkúḿbà oníkíkan tì í, èyí tí mo rò pé ẹnikẹ́ni kò lè jẹ pọ̀. Màmá jẹ ẹ́ tán.

Wọ́n ti padà sí Iléṣà kí oṣù kẹwàá tó dé. Mo lọ sí Sugar Hill, mo ya fọ́tò igi kan náà, ó pọ́n láti orí dé ẹsẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp. Ohùn wọn ló padà wá: "Igi ṣúgà ìjọ́sí ni? Ṣé wọn kì í dá a ní ìsinsìnyí ni?" Mo ní ó di oṣù kẹta. Wọ́n ní kí n bá wọn kí àgbẹ̀ náà bí mo bá dé ọ̀hún.